"Ka Èyí fún Mi": Ohun tí Àwo Ògiri Látfíà Kan Kọ́ Mi nípa Ìkọ̀wé

Ní ìsinmi tó kọjá, àǹtí mi tó ń gbé ní London wá kí wa nílé. Ó yọ àwo kan tó fi táwẹ̀lì wé jáde nínú àpótí rẹ̀. Ó ní ọjà àlòkù ni òun ti rà á, lọ́wọ́ obìnrin kan tó wá láti Látfíà. Àwo amọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo oúnjẹ. Ihò méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ láti fi gbé e kọ́ ara ògiri. Ọmọbìnrin kan dúró láàárín rẹ̀, ó dé adé òdòdó, ó wọ yẹ̀rì onílà, ó fi ìborùn funfun bo èjìká. Ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ àti ìlà kọ́lọkọ̀lọ yí etí àwo náà ká. Gígùn àwọn ìràwọ̀ náà kò dọ́gba, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ nípọn ju ibi tó parí sí lọ. Ọwọ́ èèyàn ló kùn ún, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Àǹtí mi gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ó yá, ka èyí fún mi."

Mo kà á, mo sì ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìkà méjèèjì ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí, nítorí orísun kan náà ni wọ́n ní, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi jẹ́.

Àṣìkà kìn-ín-ní: ìlà orí fáwẹ̀lì

Wọ́n fi ọwọ́ kọ "Rīga" sí ẹ̀yìn àwo náà. Rīga ni olú-ìlú Látfíà. Bí mo ṣe rí ìlà orí fáwẹ̀lì yẹn, mo ní, "Ohùn àárín nìyẹn." Ẹ má bínú sí mi. Láti ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń fi àmì ohùn dán wa wò, a sì máa ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sórí ohùn àárín nígbà mìíràn.

Kì í ṣe ohùn rárá. Nínú àkọtọ́ Látfíà, ìlà yẹn ń sọ pé fáwẹ̀lì náà gùn ni. Iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe. Kazas ni ewúrẹ́ tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Kāzas ni ìgbéyàwó. Ẹni tó bá gbàgbé ìlà yẹn nínú ìwé ìpè, ewúrẹ́ ló ní kí àlejò wá wò. Ní àkọtọ́ àtijọ́ tí wọ́n gbé ka ti Jámánì, lẹ́tà h ni wọ́n ń fi sẹ́yìn fáwẹ̀lì láti fi gígùn yìí hàn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé èdè náà ní ohùn tirẹ̀. Sílébù tó wúwo lè ní ohùn tó dúró gbọọrọ, èyí tó ń wálẹ̀, tàbí èyí tó ṣẹ́ láàárín. Loks lè jẹ́ ọrun tí a fi ń ta ọfà, ó sì lè jẹ́ ewé àlùbọ́sà. Ohùn ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ wọn kò kọ ohùn yìí sílẹ̀. Àmì tí mo pè ní ohùn kì í ṣe ohùn, ohùn tó sì wà níbẹ̀ kò ní àmì.

Àṣìkà kejì: ọnà etí àwo

Mo wo ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí ọ̀rọ̀ kan tó mú mi fò sókè. Rakstīt ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ń lò fún "kọ̀wé". Raksts ni ohun tí a kọ sílẹ̀. Òun náà sì ni ọnà tí a hun sára ìbọ̀wọ́ àti ìgbànú, tàbí tí a kùn sára àwo. Nínú àwọn orin ìbílẹ̀ wọn, ẹni tó ń rakstīt lè máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ, láìsí ìwé, láìsí kálàmù. Ní Lituéníà tó múlé tì wọ́n, raštas náà ní ìtumọ̀ méjèèjì. Èdè tiwa kò sì jìnnà sí èyí: akọ̀wé ń kọ̀wé, olóólà ń kọlà.

Mo bá jókòó lóru ọjọ́ kan, mo kọ àbá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan náà ń jẹ́ ìkọ̀wé àti ọnà, ìkọ̀wé ni ọnà etí àwo yìí, ìkọ̀wé ni ọnà ara àdìrẹ wa, irọ́ sì ni wọ́n pa mọ́ wa pé a kò ní ìwé kí òyìnbó tó dé. Mo to àwọn àmì náà sínú àtẹ, mo kọ ìtumọ̀ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Alábòójútó mi kà á tán, wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n gbé àwo náà wá. Wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún wọn ní àtẹ mi, wọ́n ní kí wọ́n ka etí àwo náà. Ọ̀kan ní, "Ìràwọ̀ ń ṣọ́ ọmọbìnrin náà." Èkejì ní, "Ilẹ̀ ti mọ́, omi ń ṣàn." Ẹ̀kẹta ní àdúrà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n dojú àwo dé, wọ́n ní kí wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, "Rīga."

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n bi mí. "Bí nǹkan bá jẹ́ ìkọ̀wé, ẹni méjì tí kò ríra rí yóò kà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò jáde lẹ́nu wọn."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe méjèèjì."

"A ní ojú, a ní ojú ọ̀nà. Ṣé ojú ọ̀nà ń ríran?"

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tí a óò fi orúkọ iṣẹ́ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló dùn mí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ kan sọ fún wa pé ẹ̀yà tí kò bá ní ìwé kò ní ìtàn. Mo ti ń wá èsì fún un láti ìgbà náà. Mo rò pé àwo yìí ni èsì mi.

Èsì tí Látfíà fún mi

Ìwé àtẹ̀jáde èdè Látfíà tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tó ṣì wà, ọdún 1585 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àlùfáà Jámánì kan, Ernst Glück, ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè náà, ó jáde ní 1689. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, orin ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní daina wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Krišjānis Barons kó wọn jọ sórí pépà kéékèèké, ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù onídúróà púpọ̀ tó ń tò wọ́n sí, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde láàárín 1894 sí 1915. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 218,000. Ní 2001, UNESCO fi kọ́bọ́ọ̀dù náà sínú àkójọ ìrántí ayé. Ta ni yóò sọ pé àwọn èèyàn yìí kò ní ìtàn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kọ? Ẹnu ni wọ́n fi pa á mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fi ẹnu pa oríkì àti ẹsẹ Ifá mọ́.

Ọnà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì dìgbà tó bá di lẹ́tà. Ẹ wo ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ yẹn. Auseklis ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ìràwọ̀ òwúrọ̀, èyí tí àwa ń pè ní àgùàlà. Inú aust, "kí ilẹ̀ mọ́", ni orúkọ náà ti wá. Lára ìbọ̀wọ́ ìyá àgbà, ọnà ni. Ní 1923, Ernests Brastiņš tẹ ìwé jáde lórí ọnà Látfíà, ó gbìyànjú láti so àwọn àmì náà mọ́ àwọn òrìṣà ìbílẹ̀. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ń jà kúrò lábẹ́ ìjọba Sófìẹ́ẹ̀tì, Auseklis di àmì òmìnira tí àwọn èèyàn ń fi sí àyà aṣọ. Ìràwọ̀ kan náà ni. Àwọn tó ń lò ó àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Àtẹ tí mo dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ èyí fún mi.

Fífi ọnà ìbílẹ̀ sára àwo pàápàá ní ìgbà tirẹ̀. Látfíà gba òmìnira ní 1918. Ní 1924, Romans Suta, Aleksandra Beļcova àti Sigismunds Vidbergs dá ilé iṣẹ́ Baltars sílẹ̀ ní Rīga, wọ́n ń fi ọwọ́ kun àwo funfun, wọ́n sì ń mú àṣà ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọnà ìgbàlódé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ wọn gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi ìpàtẹ ọnà ní Paris. Orílẹ̀-èdè tuntun ń fi ara rẹ̀ han ayé. Ìtumọ̀ ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kankan tí a lè kà jáde níbẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé

Mo ka ìlà àwọn ará Látfíà pẹ̀lú àmì ohùn Yorùbá, mo tún ka ọnà wọn pẹ̀lú ìfẹ́ ọkàn mi. Àṣìṣe kan náà ni: mi ò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni àmì.

Mo yí orí iṣẹ́ mi padà sí orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe ọnà. Àdìrẹ kan wà tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí. Ẹ ò lè ka òpó, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀, Ìbàdàndùn, odindi gbólóhùn ni. Ibẹ̀ ni èdè wà. Alábòójútó mi ti fọwọ́ sí i.

Mo pe àǹtí mi lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣeé kà o, mà. Iwájú rẹ̀, ẹ máa wò ó."

Wọ́n ní, "Mo ti gbé e kọ́. Mo ń wò ó."

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ mú aṣọ, ẹní tàbí àwo kan nílé yín tó ní ọnà lára. Kí ni àwọn tó ṣe é ń pè é? Ìgbà wo ni wọ́n ń lò ó, àwọn wo ló sì ń lò ó? Bí ẹni méjì bá kà á, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò sọ? Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí kí ẹ tó kọ "ìtumọ̀" sínú àtẹ kankan.