Kó O Tó Fi Lẹ́tà Mẹ́rin Ṣe Orúkọ

Àbúrò mi, wọ́n ti sọ ẹ́ di ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo bá ẹ yọ̀. Láìpẹ́, ẹni tí wọ́n gbà láti máa tọ́ àwọn ọ̀gá tuntun sọ́nà á fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ: ṣé àárín èrò lo fẹ́ràn, àbí kó o dá wà? Tó o bá dáhùn tán, lẹ́tà mẹ́rin á jáde, wọ́n á ní ìwà rẹ nìyẹn.

Má ṣe é lálẹ́ o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì, tó wá dé Ìgàndò tí iná ò sí, èrò wo ló tún fẹ́ràn? Àárọ̀ Sátidé ni kó o ṣe é, kó o sì dáhùn bó o ṣe rí gan-an, kì í ṣe bó o ṣe fẹ́ kí wọ́n rí ẹ.

MBTI ni wọ́n ń pè é. Ìyá àti ọmọ ní Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Briggs Myers, ló ṣe é. Orí ìwé tí Carl Jung kọ ní 1921 ni wọ́n gbé e lé, wọ́n sì pín ọmọ aráyé sí ọ̀wọ́ 16. Irú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí a ti gbọ́ orúkọ ọ̀wọ́ ìwà bíi sanguine àti melancholy ní ṣọ́ọ̀ṣì látinú ìwé Tim LaHaye. (Ẹni tó bá ti ń lu tábìlì, á ní choleric lòun. Choleric kọ́, ìkanra ni.)

Ohun tí mi ò ní fi pa mọ́ fún ẹ ni pé lẹ́tà yẹn kì í dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ tó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló bá òmíràn níbẹ̀. Ìdánwò ìwà míì, Big Five, ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá fọkàn tán jù, torí òun kì í fi ènìyàn sí ọ̀wọ́. Bí ìwà kan ṣe pọ̀ tó lára rẹ ló ń wò. Àwọn tó ni MBTI fúnra wọn ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gbani síṣẹ́. Tí ọ̀gá àgbà bá ní kó o fi yan òṣìṣẹ́, fohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni MBTI wúlò fún. Ọmọbìnrin tí kì í lanu ní ìpàdé, tó o rò pé ó ń gbéra ga, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Èsì yìí, ibo ló ti bá ẹ mu? Ibo ló ti parọ́?" Bóyá wàá gbọ́ pé ó kàn fẹ́ ronú kó tó sọ̀rọ̀ ni. Máa fi ọ̀rọ̀ ìpàdé ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Má sì fi lẹ́tà pè é níwájú èèyàn láéláé. Ní ti màmá tó wà nídìí àkáǹtì, fọ́ọ̀mù ò ní sọ fún ẹ pé kó o kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn kó o tó tọ́ka sí àṣìṣe wọn.

Ó ku ọ̀kan. Béèrè ẹni tó máa rí èsì rẹ, àti ibi tí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n. Bí wọn ò bá là á mọ́lẹ̀, ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ímeèlì kó o tó tẹ ohunkóhun.