Yíyan Àsìkò Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Ó Yẹ Nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Ohun Tí Gírámà Yorùbá Lè Ṣe fún Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Yewa

Ìfáárà
Bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò bá kọ "Yesterday Bola buy yams," ọ̀pọ̀ olùkọ́ a fa ìlà pupa sí i, wọn a sì pe ọmọ náà ní olódo. Àṣìṣe náà kò ti ọwọ́ ọ̀lẹ wá. Inú èdè abínibí rẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Àsìkò afànámónìí
Ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àkókò. "Bọ́lá ra iṣu" ti kọjá: "Bola bought yams." "Bọ́lá mọ ilé wa" jẹ́ ti òní: "Bola knows our house." Kò sí wúnrẹ̀n tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, "ra" ń sọ ohun tí a ṣe, "mọ̀" ń sọ ipò tí ènìyàn wà. Nítorí náà ni a fi ń pe àsìkò yìí ní afànámónìí.

Wúnrẹ̀n "ń"
Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ atẹ́rẹrẹ ni "ń" ń tọ́ka, kì í ṣe àkókò. "Òjò ń rọ̀ nígbà tí a dé Ìlaròó" kò lè di "It is raining when we reached Ilaro." "Was" ni ó tọ́, nítorí pé dídé náà ti kọjá.

Wúnrẹ̀n "ti"
Ibí ni ó le jù. Yorùbá gba "Mo ti rí i lánàá." Gẹ̀ẹ́sì kò gba "I have seen him yesterday," nítorí pé "have" so ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ ìsinsìnyí, "yesterday" sì gé e kúrò níbẹ̀. "I saw him yesterday" ni ó tọ́. Ní ẹnubodè, ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i: ọmọ tí ó ti kàwé ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti kọ́ Faransé, Faransé sì gba "Je l'ai vu hier." Èdè méjì ni ó ń ti àṣìṣe kan lẹ́yìn.

Ìgúnlẹ̀
Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí láti 1970, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí olùkọ́ tó fa ìlà pupa, kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ohun tí a ṣe ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń sọ, tàbí ipò? Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dárúkọ àkókò? Ṣé àkókò náà ti parí, tàbí ó ṣì kan ìsinsìnyí? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn wọn ní Yorùbá yóò rí àsìkò tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́.