Indomie Kì í Ṣe Owó Ọkọ̀

Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ọba Akran, n'Íkẹjà, mo ti rí lẹ́tà rẹ. Ọ̀rọ̀ yàrá tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ háyà ní Agége, ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ yín, ìyẹn ṣì lè dúró. Ibi tí o ti sọ pé lọ́jọ́ owó oṣù o máa ń yà jẹ àwo Indomie aládìyẹ kan ní búkà ẹ̀yìn géètì, tí o sì ń kọ ọ́ pé "owó ọkọ̀" sínú àkọsílẹ̀ tí ò ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

Owó ọkọ̀ kẹ̀? Ọkọ̀ wo ló ń gbé ata, àlùbọ́sà àti itan adìyẹ?

Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi rí láti Ìyànà Ìpájà. Ìyàwó rẹ̀ a máa jẹ súyà kó tó wọlé, á ní sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ló dá òun dúró. Lọ́jọ́ tí ọkọ gbọ́ òórùn súyà lára rẹ̀, kò tiẹ̀ ro ti ẹran. Ó ní ọkùnrin kan ló ń rà á fún un. Súyà igi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wọn ká. Irọ́ kékeré tí o ń pa yìí, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní oúnjẹ ọmọdé ni Indomie. Ta ló sọ fún un? Ebi tí ogun àgbáyé kejì dá sílẹ̀ ní Jàpáànù ló sún Momofuku Ando dé ìdí irú oúnjẹ yìí, nígbà tó sì gbé e jáde ní 1958, adùn adìyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Indomie wọ Nàìjíríà ní 1988. Ní 1995 wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Agége yín. Òṣìṣẹ́ bíi tìrẹ ló ń dì í sínú ọ̀rá. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ dé ọ̀dọ̀ mai shayi lálẹ́, kó wo irùngbọ̀n àwọn tó ń jẹ ẹ́!

Iye tí ò ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín, má dín in kù rárá. Àkọsílẹ̀ náírà kọ̀ọ̀kan yẹn ni kí o dá dúró lóṣù yìí. Ìwọ lo dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ kò sí níbẹ̀. Bó bá béèrè, dáhùn pé: mo jẹ Indomie, mo jẹ adìyẹ, ó sì dùn.

Kí n tó gbàgbé: iyọ̀ pọ̀ nínú èròjà ọ̀rá kékeré inú rẹ̀. Ní kí ìyá olóúnjẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i, kó sì fi ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò burú. Bó bá di ojoojúmọ́, èmi gan-an á bá ọ jà.

Ṣùgbọ́n má kórìíra ẹ̀gbọ́n rẹ o. Ìwọ náà lo sọ pé ọ̀kadà ló ń wà tó fi san owó WAEC rẹ lẹ́yìn ikú bàbá yín. Ẹni tó ti ṣọ́ owó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù àìní kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Bó bá wá sí Èkó, jọ̀wọ́, mú un lọ sí búkà yẹn, ra àwo kan fún un, kí adìyẹ tirẹ̀ sì tóbi ju tìrẹ lọ.