Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Yóò Parí Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ nílé: "Mọ́mì, ẹ fún mi lówó dátà. Ẹ̀kọ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ ṣe, ọ̀fẹ́ ni." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó dáhùn.

1. Kí ni ẹ̀kọ́ yìí?
Ní ọdún 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò fi àwọn ìwé ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, Salman Khan dá Khan Academy sílẹ̀ fún ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Coursera àti edX bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012.

2. Èrè wo ló wà níbẹ̀?
Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì wa daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ilẹ̀kùn àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò tì. Ẹ tún gbọ́ ti Battushig Myanganbayar, ọmọ ọdún 15 ní ilẹ̀ Mòǹgólíà. Ní ọdún 2012, ó ṣe ẹ̀kọ́ MIT kan lórí iná mànàmáná, ó sì gba gbogbo máàkì. Lẹ́yìn náà, MIT gbà á wọlé.

3. Ibo ló kù sí?
Nínú ẹ̀kọ́ kan náà yẹn, nǹkan bí 155,000 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n 7,157 péré ló yege. Kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn kàn wá wò ó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ ìdí mìíràn: bí ọmọ kò bá wá, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Battushig kò dá ṣe é. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀, tí òun náà kàwé ní MIT, ló fà á wọ inú ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ kan sì wá láti Amẹ́ríkà láti ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe.

Owó tún wà níbẹ̀. A ó ra dátà, a ó wá iná. Lórí Coursera àti edX, a sábà máa ń sanwó kí a tó gba ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí náà kò sì lè dípò WAEC tàbí oyè yunifásítì.

4. Kí ni àwa lè ṣe?
(a) Kí ọmọ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kí ó parí rẹ̀ kí ó tó mú òmíràn.
(b) Kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò. Wíwo fídíò lásán kì í ṣe kíkọ́.
(d) Kí àwọn ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jọ máa ṣe é ní pálọ̀ ẹnì kan lọ́jọ́ Sátidé.
(e) Kí a máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Kí lo kọ́? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Ìyá tí kò kàwé pàápàá lè béèrè èyí. Ọmọ tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ mọ fóònù lò jù wá lọ; àwa mọ bí a ti ń fi sùúrù parí iṣẹ́. Nítorí náà, bí a bá fún wọn lówó dátà, kí a fi ìbéèrè tì í.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ tí kò parí? Kí ló dá a dúró?
2. Ta ni nínú wa tí ó lè yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?