Kíkan kì í ṣe bíbàjẹ́: Ẹ̀kọ́ tí ọtí àlìkámà ilẹ̀ Jámánì ní fún àwọn apọntí bàbà n'Ílọrin

Kò sí ìyàwó ilé n'Ílọrin tí kò mọ omidún. Tí wọ́n bá rẹ ọkà bàbà sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sẹ́ ẹ, omi tó dúró lókè ògì yóò kan. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ògì náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tí obìnrin tó ń pọn búrúkùtù bá ṣí ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí oníbàárà tọ́ ọ wò, tó fajú ro, tó ní ó ti kan jù, owó ọjà ọjọ́ náà ti wọmi nìyẹn.

Ohun kan náà ló mú ògì kan tó sì mú ọtí kan: kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí, tó ń sọ ṣúgà inú ọkà di omi kíkan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe ògì fẹ́ kó kan, ó sì mọ ìgbà tó tó. Ẹni tó ń pọn ọtí kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ń bá a lójijì. Àwọn ará Berlin, olú ìlú ilẹ̀ Jámánì, ti fi irú kíkan yìí ṣòwò láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi ọkà bàbà wá oúnjẹ òòjọ́.

Irú ọtí wo ni tàwọn ará Berlin?

Berliner Weisse ni wọ́n ń pè é. Àlìkámà àti báálì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń hó, kò sì le rárá, nítorí pé ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ kò ju bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Ọ̀pọ̀ bíà tó wà lọ́jà tó 5. Ẹni tí kò bá fẹ́ kíkan náà lásán máa ń ní kí wọ́n bu omi dídùn sí i, èyí tó pupa tàbí èyí tó ní àwọ̀ ewé.

Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, òun ni ọtí tó lókìkí jù ní Berlin, iléeṣẹ́ tó ń pọn ọ́n kò sì lóǹkà. Nígbà tí bíà olómi wúrà tí kò kan gbòde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kógbá wọlé, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àwọn apọntí kéékèèké, pàápàá àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà, ló tún gbé e dìde láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ọtí tó kan díẹ̀, tí kò le, tó sì ń pa òùngbẹ, ní oníbàárà tirẹ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò kà sí.

Irú rẹ̀ wà nílé

Àlìkámà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn káàkiri àyíká Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọkà bàbà wà. Búrúkùtù, pító àti ọtíkà tí wọ́n ń fi bàbà pọn, àti sẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn, gbogbo wọn ló ní kíkan díẹ̀ nínú. Mọ̀lẹ́bí ọtí Berlin ni wọ́n.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sì rò pé bàbà kéré sí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1988 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n má kó báálì wọlé mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ bíà ńláńlá tó wà ní Nàìjíríà ní láti yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ìjọba ti fagi lé òfin náà lẹ́yìn náà, síbẹ̀ bàbà kò kúrò nínú bíà Nàìjíríà. Ohun tí iléeṣẹ́ ńlá fi ipá kọ́, àwọn ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Bí kíkan ṣe ń bọ́ sábẹ́ àṣẹ

Wàhálà apọntí kékeré ni pé ọtí ọjọ́ Ajé kì í jọ ti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà mìíràn ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ lè jẹ́ 3, nígbà mìíràn kó ju 5 lọ; ó lè kan lónìí, kó korò lọ́la. Oníbàárà kì í fẹ́ràn ohun tí kò dá lójú. Èyí ni ọ̀nà tí àwọn apọntí tó ń ṣe ọtí kíkan lóde òní ń gbà, bí wọ́n bá fi bàbà ṣe é:

Àkọ́kọ́, wọ́n á rẹ bàbà mọ́jú, wọ́n á mú un hù fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì fi ọwọ́ ra á kí gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀ lè bọ́ dànù. Ibi pàtàkì lèyí, nítorí pé inú ọ̀mùnú bàbà ni májèlé pọ̀ sí jù.

Èkejì, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á jẹ́ kó tòrò. Bàbà yàtọ̀ sí báálì: ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń fẹ́ ooru púpọ̀ kó tó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ooru náà ló ń pa èròjà tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá àgbà dá sí i ni pé kí wọ́n bu omi tó tòrò lókè sọ́tọ̀, kí wọ́n se gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kó jinná, kí wọ́n jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó da méjèèjì pọ̀. Omi òkè yẹn ni èròjà náà wà. Ẹni tó bá dà á nù ti da ṣúgà rẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹta, tí wọ́n bá ti sẹ́ omi dídùn náà, wọ́n á sè é díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó rọlẹ̀ dé ìwọ̀n ooru 40 sí 45, wọ́n á da omidún tó mọ́ sí i, wọ́n á dé e pa kí atẹ́gùn má wọlé. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì yóò kan. Wọn kì í fi ẹnu nìkan wò ó. Bébà kékeré tó ń pàwọ̀ dà, èyí tí wọ́n fi ń wọn kíkan, ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Tí ó bá ti sún mọ́ 3.3, ó ti tó.

Ẹ̀kẹrin ni àṣírí gbogbo rẹ̀: wọ́n á tún un sè. Ooru yóò pa kòkòrò tó mú un kan, kíkan náà yóò sì dúró síbi tí wọ́n dá a dúró sí. Lẹ́yìn tó bá tutù ni wọ́n á tó fi yíìsì sí i, kó sọ ṣúgà tó kù di ọtí. Apọntí tó ń kọ ọjọ́, ooru àti nọ́ńbà bébà sínú ìwé yóò lè pọn irú kan náà lóṣù tó ń bọ̀. Tí ó bá sì fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò, kó jẹ́ kí yíìsì parí iṣẹ́ rẹ̀ ná. Ìgò tí wọ́n dé pa nígbà tí ọtí ṣì ń hó lè bẹ́, kó sì ṣe ènìyàn léṣe.

Ibi tí kò yẹ kí wọ́n fi ṣeré

Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ní ìlú Chitima ní orílẹ̀-èdè Mozambique, àwọn ènìyàn mu ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ọkà pọn níbi ìsìnkú. Ènìyàn 75 ló kú. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló fi májèlé sí i. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ ni wọ́n lò, kòkòrò kan sì ti pèsè májèlé sínú rẹ̀. Síse kì í mú irú májèlé bẹ́ẹ̀ kúrò, kíkan kì í bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni májèlé tí èbu máa ń fi sínú ọkà ṣe rí.

Nítorí náà, ọkà tó ti bu, tí omi ti kàn, tàbí tó ń rùn, kì í ṣe ọkà ọtí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó lọ́jà. Orí kó apọntí Ìlọrin yọ ní ti èyí: Ìlọrin ni olú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irè oko, ìyẹn NSPRI, fìdí kalẹ̀ sí. Iṣẹ́ wọn gan-an ni bí ọkà kò ṣe ní bu.

Ta ni yóò rà á?

Ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ni Ìlọrin, oníṣòwò tó bá gbọ́n kò ní fojú fo èyí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ta ọtí lè dúró síbi kíkan, kó má fi yíìsì sí i rárá, kó fi atalẹ̀ àti kanafuru sí i: ọ̀nà kúnnú nìyẹn. Kúnnú tí kò bá sí nínú yìnyín kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ kó tó yí padà, ó sì lè di ọtí fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi sílẹ̀ pẹ́. Nítorí náà, ohun tó bá tutù ni kí wọ́n tà, kí wọ́n sì tètè tà á. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì gbọ́dọ̀ ya ìkòkò, ike àti ìgò wọn sọ́tọ̀, kó sì kọ ohun tó wà nínú ìgò sí ara rẹ̀ gbangba. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọtí bá wọ ìgò kúnnú, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Ní ti òfin, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fi àṣẹ ọtí títà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni kí apọntí ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò fún ọjà, ó di dandan kó gba nọ́ńbà NAFDAC.

Kò sì yẹ kó pe ọjà rẹ̀ ní Berliner Weisse. Nílẹ̀ Jámánì, ọtí tí wọ́n bá pọn ní Berlin nìkan ló ni orúkọ yẹn. Àwọn ará Berlin fi orúkọ ìlú wọn sára ọtí wọn, ohun tó sì yẹ kí apọntí bàbà n'Ílọrin ṣe náà nìyẹn. Omi ìṣápá pupa lè rọ́pò omi dídùn tiwọn, kí orúkọ bàbà àti ti Ìlọrin wà lára ìgò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Tí ike 2 bá bàjẹ́ nínú ike 10, ike 8 tó kù ló máa san owó ọkà, igi ìdáná àti omi gbogbo rẹ̀, kí èrè tó yọjú. Bébà ìwọn kíkan, òṣùwọ̀n ooru àti ìwé ìkọ̀wé kan kò wọ́n tó ike 2 yẹn. Kíkan tí apọntí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọjà ni; èyí tó bá a lójijì, gbèsè ni.