Nígbà Tí Aṣàyẹ̀wò Bá Dé Kíláàsì Wa

Gbogbo àgbẹ̀ Ìdànrè ló mọ ẹni tí ń yẹ kòkó wò. Kì í wo ojú àpò lásán. Ó máa ń bu kòkó láti inú àpò, ó máa ń fi ọ̀bẹ là á, kí ó lè rí inú rẹ̀ bóyá ó ti bu. Bí ó bá gba rìbá, tí ó sì fi òǹtẹ̀ lu kòkó tútù, àpò náà yóò kọjá níhìn-ín, ṣùgbọ́n yóò bu lójú òkun. Orúkọ kòkó gbogbo wa ló máa bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ti iṣẹ́ tí àwọn àjọ àgbáyé ń náwó lé, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe àjẹsára, ìbáà ṣe ẹ̀kọ́ àgbà. Wọ́n máa ń rán ènìyàn wá láti wo inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti ẹ̀kọ́ àgbà, torí òun ló kàn wá. Láti ọdún 1967 sí 1973, UNESCO àti UNDP náwó sí i ní orílẹ̀-èdè 11. Málì, tí kò jìnnà sí wa, wà nínú wọn. Ní ọdún 1976, wọ́n tẹ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde. Nínú àwọn bíi mílíọ̀nù kan tó forúkọ sílẹ̀, bí 120,000 péré ló di ẹni tó mọ̀wé. Àwọn tó náwó náà ló fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ jáde o! Àwa tí a ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí mọ̀ pé kò rọrùn. Bí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀, àwọn mìíràn a máa yá ọmọ kíláàsì kejì láti fi kún bẹ́ǹṣì.

Ẹgbẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìlànà ìwà fún ara wọn ní ọdún 2008, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Aṣàyẹ̀wò kò gbọdọ̀ yí ohun tó rí padà torí pé ẹni tó rán an kò fẹ́ gbọ́ ọ. Kò sì gbọdọ̀ kó ẹni tó bá sọ òtítọ́ fún un sí ìyọnu.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dé Òdòdé tàbí Aládé, ẹ bi wọ́n pé, “Ta ló rán yín? Kí lẹ fẹ́ fi èsì wa ṣe?” Ẹ lè kọ̀ láti dáhùn, kò sí ìjà ńbẹ̀. Bí Ìyá Túndé bá ní tísà kì í wá lọ́jọ́bọ̀, aṣàyẹ̀wò kò gbọdọ̀ lọ sọ fún tísà pé Ìyá Túndé ló wí bẹ́ẹ̀.

Àlejò ni wọ́n, ẹ fún wọn lómi mu. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ka lẹ́tà kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sí yín létí. Ẹ kà á dé ibi tí agbára yín mọ, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wá wò.