ÒKÚ ẸYẸ ETÍ ÒKUN ÀTI ADÌẸ Ẹ̀YÌNKÙLÉ WA
Ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé ìkàwé ìletò ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn tí ń ṣọ́ igbó ọba Djoudj, ní àríwá orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl, bá òkú òfú tí ó tó 750 nínú omi. Òfú ni ẹyẹ ńlá tí ó ní àpò lábẹ́ àgógó, èyí tí ó fi ń kó ẹja. Ìjọba ti igbó náà pa fún àwọn àlejò, wọ́n sì mú nínú òkú ẹyẹ náà lọ fún àyẹ̀wò. Èsì tí ó jáde ni pé àìsàn ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní H5N1 ni ó pa wọ́n.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2023, ọ̀ràn náà tún dé etí òkun. Ní ìtòsí ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àti ní Tanji ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, a bá òkú àwọn ẹyẹ òkun funfun tí orí wọn dúdú, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tern, lórí iyanrìn lọ́pọ̀lọpọ̀. Àìsàn kan náà ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé: Èkìtì kò ní òkun, kí ni ó kàn wá nínú òkú ẹyẹ Sẹ̀nẹ̀gàl? Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti òní.

Àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò

Nígbà tí òtútù bá mú ní ilẹ̀ Yúróòpù, oúnjẹ a máa wọ́n fún àwọn ẹyẹ. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn a gbéra, wọn a fò wá sí ilẹ̀ wa tí ó móoru. Àwọn ẹyẹ òkun a máa tọ etí òkun wá sí Sẹ̀nẹ̀gàl, wọn a dé Gánà, wọn a sì dé etí òkun Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó a la aginjù kọjá, wọn a bà sí àwọn àbàtà ńlá ti Hadejia àti Nguru ní òkè Ọya. Àwọn onímọ̀ ti fi òrùka kékeré sí ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ mìíràn ní Yúróòpù, a sì ti rí òrùka bẹ́ẹ̀ ní Gánà. Báyìí ni a ṣe mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Níbi tí ẹyẹ bá pọ̀ sí, wọ́n ń mu omi kan náà, wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí i. Inú ìgbẹ́ àti inú itọ́ wọn ni kòkòrò àìsàn yìí ń gbà jáde. Ẹyẹ mìíràn lè ní i lára fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó ṣàìsàn. Ibi tí ó bá fò dé láàrin ọjọ́ wọ̀nyí, ó gbé e dé ibẹ̀.

Bí ó ṣe wọ Nàìjíríà

Lára pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti kọ́kọ́ rí irú àìsàn yìí ní ọdún 1996. Ní oṣù kejì ọdún 2006, a kéde pé ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní oko adìẹ kan ní Jaji, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí i ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ṣe àyẹ̀wò, ilé ìwádìí mìíràn ní Padova ní ilẹ̀ Ítálì sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ó fi máa rọlẹ̀, ó ti dé ìpínlẹ̀ 25 àti Àbújá, ẹyẹ ọ̀sìn tí ó ṣòfò sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní ọdún 2007, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 22 kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2015, ó tún padà wá.

Kì í ṣe ìyẹ́ apá ẹyẹ igbó nìkan ni ó gbé àìsàn yìí kárí orílẹ̀-èdè. Àgò adìẹ, páálí ẹyin, ọkọ̀ akẹ́rù àti bàtà àwọn tí ń ti oko kan dé òmíràn wà nínú ohun tí ó gbé e kiri. Èyí tí ó burú jù ni ìkánjú tà. Àgbẹ̀ rí i pé adìẹ òun ń kú, ó sáré kó èyí tí ó ṣẹ́kù lọ sí ọjà kí owó òun má ṣe ṣègbé. Ní ọdún 2006, ìjọba kéde pé òun yóò san náírà 250 lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan tí a bá pa nítorí àìsàn náà. Àwọn àgbẹ̀ kan rí i pé kò tó iye tí adìẹ wọn ń mú wá lọ́jà. Ìrora wọn yé ni. Ṣùgbọ́n adìẹ àìsàn tí a tà fún ẹlòmíràn, àdánù agbo ilé kan ni ó ń sọ di àdánù gbogbo ìlú.

Ohun tí ó kàn wá ní Èkìtì

Adágún ńlá tí ìjọba sé ní Ìkún-Èkìtì ń fa àwọn ẹyẹ omi mọ́ra. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lékèélékèé tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ a máa tẹ̀lé màlúù wọ oko wa. Adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ wa náà kì í gbé inú àgò. Wọn a máa jẹ káàkiri.

Gbogbo wa mọ lúkúlúkú, àrùn tí ó máa ń pa adìẹ nígbà ọyẹ́. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí, nítorí àìsàn tuntun yìí jọ ọ́. Nínú méjèèjì, adìẹ lè kú lójijì, kí ó ya ìgbẹ́ gbuuru, kí ó má lè mí dáadáa, kí ó sì dẹ́kun ẹyin yíyé. Nínú àìsàn tuntun yìí, orí lè wú, ogbe rẹ̀ sì lè dúdú. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Àyẹ̀wò ni ó lè ṣe é. Ẹni tí ó bá sọ pé, "Lúkúlúkú lásán ni," tí ó sì pa èyí tí ń kú lọ jẹ, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Láti ọdún 2003, àwọn ènìyàn tí H5N1 mú ní àgbáyé, tí a sì kọ sílẹ̀, ti ju 900 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó kú.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ létí omi tàbí nínú oko, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá gbé e.
2. Bí ọ̀pọ̀ adìẹ bá kú láàrin ọjọ́ díẹ̀, ẹ sọ fún baálẹ̀ àti fún àwọn oníṣègùn ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ọjọ́ náà gan-an.
3. Ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì sọ òkú rẹ̀ sí odò tàbí ààtàn.
4. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tọ́jú adìẹ. Adìẹ tí ara rẹ̀ dá, tí a sè jinná dáadáa, àti ẹyin tí a sè títí ó fi le, kò léwu.
5. Ẹ ya pẹ́pẹ́yẹ sọ́tọ̀ kúrò lára adìẹ. Ẹ má ṣe da adìẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà mọ́ ti ilé títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi kọjá.
6. Ẹ má ṣe torí ìbẹ̀rù pa lékèélékèé tàbí ẹyẹ igbó mìíràn. Ẹni tí ó lé wọn kúrò níbì kan, ibòmíràn ni ó lé wọn lọ.

Àwọn àgbà wa sọ pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí aládùúgbò yín bá ń fi òkú adìẹ pamọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí ẹyẹ fi ń ti Yúróòpù wá sí ilẹ̀ wa?
2. Yàtọ̀ sí ẹyẹ igbó, kí ni ó tún ń gbé àìsàn náà kiri?
3. Èé ṣe tí kò fi tọ́ kí a fi ojú lásán pe ikú adìẹ ní lúkúlúkú?
4. Ní ìletò yín, ta ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún bí adìẹ bá ń kú?